Fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ rá lójú kọ́ ló ń jẹ́ smartphone

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ò ní pa yín. Mo ka ìdáhùn tẹ́ ẹ fún òǹkàwé yín tó béèrè pé kí ló fi smartphone yàtọ̀ sí fóònù kékeré tá a fi ń pe èèyàn lásán. Ẹ ní smartphone ni èyí tí wọ́n ń fọwọ́ rá lójú, tó ní kámẹ́rà, tó sì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, pé èyí tí ò bá ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fóònù lásán ni. Ẹ má bínú, ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà, mi ò sì lè dákẹ́ torí iṣẹ́ fóònù ni mo fi ń jẹun, Queen Cinema níbí ní Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mò ń tà á mo sì ń tún un ṣe, irú ìdáhùn yẹn gan-an ni àwọn kan fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Wọ́n á ní màmá, Android lèyí o, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ rá a, ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ṣí, ẹ wo kámẹ́rà ẹ̀. Màmá á kówó sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá délé tí ọmọ wọn tó wà ní Canada ní kí wọ́n gbé WhatsApp sórí ẹ̀ kóun lè máa rí ojú wọn, WhatsApp ò ní wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní wọlé, torí fóònù yẹn kì í ṣe Android, kì í ṣe nǹkan kan, fóònù kékeré ni wọ́n fi gíláàsì ńlá bò lójú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ fífọwọ́ rá yẹn ná. Ṣé ẹ rántí ìgbà BlackBerry, láàárín 2010 sí 2013, tí gbogbo ọmọ yunifásítì ń béèrè PIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn lórí ẹ̀, lọ́wọ́ ara wọn? Curve 8520 tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ ló kún ìdajì ojú ẹ̀, ẹ fọwọ́ rá skírìnì ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dá yín lóhùn, síbẹ̀ smartphone gidi ni. Ẹ wá wo LG KP500 tí wọ́n ń pè ní Cookie, 2008 ló jáde, àti Samsung Star S5230 tó tẹ̀lé e ní 2009. Ojú àwọn méjèèjì ṣeé fọwọ́ rá látòkè délẹ̀, wọ́n rẹwà, wọ́n ní kámẹ́rà, wọ́n tiẹ̀ ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ smartphone nínú wọn. Ti kámẹ́rà, ọdún 2000 ni fóònù tó ń ya fọ́tò ti wà lọ́jà ní Japan, ọdún púpọ̀ kí Android tó dé ayé, torí náà ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà sílẹ̀.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù tí mo bá sọ ọ́. Wọ́n á ní ṣé kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́ di smartphone ni. Ẹ bi àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní nǹkan bí 2009 sí 2012, wọ́n á sọ fún yín. Nokia kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n fi ń wọ 2go, áápù tí wọ́n fi ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ, òun ni wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí Opera Mini, òun ni wọ́n fi ń wọ Facebook ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí àwọn òbí ti sùn. Íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn fóònù yẹn, fóònù Java là ń pè wọ́n, wọ́n gba kí ẹ mú áápù kékeré kan látìta wá sínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ smartphone díẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá kan ni wọ́n ń ti áápù yẹn mọ́, kò lè kan àwọn nǹkan tó wà nínú fóònù bó ṣe wù ú, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́ ẹ bá ti jáde kúrò nínú 2go láti lọ ka mẹ́sèèjì, 2go ti kú nìyẹn, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀ gan-an? Ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá bá mi jiyàn ni pé ta ló ní àṣẹ láti fi iṣẹ́ tuntun kún iṣẹ́ fóònù yẹn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rà á. Fóònù kékeré, gbogbo ohun tó máa ṣe láyé ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kó fún un kó tó wọ páálí: pípe èèyàn, mẹ́sèèjì, áláàmù, kákulétọ̀, rédíò, iná tọ́ọ̀ṣì, gẹ́ẹ̀mù ejò. Ó parí síbẹ̀. Smartphone, ẹni tó ṣe é ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe. Ẹnì kan ní Èkó lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó kọ áápù tí wọ́n á máa fi ṣírò owó àjọ, kó gbé e sí Play Store, ọjà áápù ti Google, lọ́la ìyàwó alájọ kan ní Òṣogbo á ti máa lò ó, ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yẹn ò sì mọ̀ sí i rárá. Bí ẹni tó ra aṣọ tí wọ́n ti rán tà ni fóònù kékeré rí, smartphone ni ẹni tó ra àǹkárá, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó bá wù ú. Ohun tó jẹ́ kíyẹn ṣeé ṣe ni operating system tó wà nínú ẹ̀, ti Google ni Android, ti Apple ni iOS, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gba àwọn áápù tí àwọn ẹlòmíì kọ sílé, kó pín bátìrì àti mẹ́mọ́rì fún wọn, kó máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má bàa jí nǹkan ara wọn, kó jẹ́ kí méjì mẹ́ta ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin tẹ́ ẹ tún ń ka WhatsApp, tí ìpè wọlé tí orin dá dúró fúnra ẹ̀, òun náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. iPhone àkọ́kọ́ gan-an, tí Steve Jobs gbé jáde fún ayé rí ní January 9, 2007, àwọn tó mọ̀ nípa fóònù nígbà náà jiyàn gidi lórí ẹ̀, àwọn kan ní kò tíì yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè ní smartphone, torí pé bó ṣe rẹwà tó, tójú ẹ̀ dán tó, ẹ ò lè gbé áápù kankan sórí ẹ̀ ju èyí tí Apple kó síbẹ̀ lọ. July 2008 ni wọ́n ṣí App Store, ọjà áápù ti Apple, áápù bí 500 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní October ọdún yẹn kan náà ni fóònù Android àkọ́kọ́ bọ́ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, HTC ló ṣe é. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ṣùgbọ́n smartphone ti wà ṣáájú gbogbo wọn o, ní 1994 IBM ti gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní Simon, ó ṣeé fọwọ́ rá, ó ń gba ímeèlì, ó ń gba fáàsì, ó tóbi bíi búlọ́ọ̀kù, bátìrì ẹ̀ ò ju nǹkan bíi wákàtí kan tẹ́ ẹ bá ń lò ó, dọ́là 899 ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún 1996 ni Nokia ṣe Communicator tó ń ṣí bíi ìwé. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní August 2001, tó jẹ́ náírà 50 ni wọ́n ń gbà lórí ìṣẹ́jú kan, àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà lókè òkun, fóònù kékeré nìkan ni tiwa tí gbogbo wa ń fi yangàn, ó sì yẹ ká fi yangàn nígbà yẹn.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi han àwọn ọmọṣẹ́ mi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì máa ń là wọ́n lójú. Tẹ́ ẹ bá tú smartphone, ẹ máa rí i pé fóònù kékeré wà nínú ẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni. Apá kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní baseband, òun ló ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, òun ló ń ka síìmù, òun ló ń gbé ìpè, ó ní sọ́fítíwíà tiẹ̀ lọ́tọ̀ tí kì í ṣe Android. Apá kejì ni kọ̀ǹpútà, tó ní ọpọlọ tiẹ̀, mẹ́mọ́rì tiẹ̀, òun ló ń gbé àwọn áápù. Àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà. Ìdí nìyẹn tí kọ́sítọ́mà fi máa ń gbé fóònù wá, á ní ó ń ta gẹ́ẹ̀mù, ó ń gba Wi-Fi, ó ń ya fọ́tò, kò kàn rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kò mọ síìmù. A ó tẹ *#06# kí IMEI, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, jáde, kò ní jáde, tàbí kó gbé òdo òdo wá. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ wà láàyè, fóònù inú ẹ̀ ló kú. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta skírìnì tuntun fóun lórí irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà inú smartphone yìí ló tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bátìrì. Àwọn àgbà máa ń ṣàròyé pé Nokia 1100 àwọn, èyí tó jáde ní 2003 tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, èyí tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri àgbáyé, ṣájì ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn fi ń lò ó fún ọjọ́ púpọ̀, kí ló dé tí èyí tó wọ́n yìí ò fi lè di alẹ́. Bátìrì 1100 yẹn, BL-5C ni, 850 mAh péré ni agbára ẹ̀. Ti smartphone òde òní máa ń tó 5000. Ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tó, torí fóònù kékeré tí wọn ò pe ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn ni, ó kàn ń jí díẹ̀ láti sọ fún òpó pé òun ṣì wà. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú smartphone kì í sùn bẹ́ẹ̀, WhatsApp ń wò bóyá ẹnì kan kọ̀wé, ímeèlì ń wò, Facebook ń wò, GPS ń wá ibi tẹ́ ẹ wà, skírìnì ńlá yẹn tún wà lókè gbogbo wọn tó ń mu iná bíi kò sóhun tó kàn án. Ẹ pa dátà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ skírìnì kù, ẹ máa rí i pé ó máa pẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò bu fóònù kékeré kù. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ń fi bàbá wọn ṣẹlẹ́yà torí ó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Ìyàtọ̀ tí mò ń sọ yìí ò sọ pé ọ̀kan gọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti fi fóònù kékeré ṣe nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò e-wallet, mẹ́sèèjì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, àgbẹ̀ á gbé fóònù ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ajílẹ̀, á gba ajílẹ̀ àti irúgbìn ní ẹ̀dínwó, láìsí Android, láìsí dátà. NAFDAC náà, láti 2010 ni wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀ fún oògùn ibà àti àwọn oògùn mìíì, ẹ á ha ibì kan lára páálí oògùn bí ẹni ń ha káàdì rìṣáàjì, ẹ á fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ ní mẹ́sèèjì, wọ́n á dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú, fóònù tó kéré jù lọ́jà lè ṣe é. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ JAMB, síìmù àti mẹ́sèèjì ni wọ́n fi ń gba profile code, kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n á kọ NIN, wọ́n á fi àlàfo sí i, wọ́n á kọ nọ́ńbà NIN wọn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí 55019. Ní Kenya, M-Pesa, ètò tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, bẹ̀rẹ̀ ní 2007 lórí irú fóònù kékeré báyìí, tí ìyá tó wà lábúlé fi ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà nígboro láìsí áápù báǹkì kankan.

Àwọn kóòdù tá à ń tẹ̀, *310# láti wo owó tó kù lórí síìmù, *312# láti ra dátà, *311# láti fi káàdì sí i, àti ti àwọn báǹkì, USSD ni gbogbo wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó kéré jù ni pé inú GSM fúnra ẹ̀ ni USSD wà, ojú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ló ń gbà, kò kan dátà, kò kan áápù, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń ronú, fóònù yín kàn ń fi ìdáhùn hàn ni. Torí náà iṣẹ́ tuntun lè dé sórí fóònù kékeré, ẹlòmíì ló kàn máa bá a ṣe é lókèèrè. Smartphone lè ṣe é fúnra ẹ̀ níbi tó wà.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé mò ń rí nǹkan kan tí kò dáa. Iléèwé kan á fi èsì ìdánwò ọmọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á ṣe ìpàdé lórí WhatsApp nìkan, ilé ìwòsàn á ní kí aláìsàn dáńlóòdù áápù kó tó gba nọ́ńbà. Ẹni tó ń lo fóònù kékeré wá di ẹni ẹ̀yìn, ó sì ń sanwó bíi ti gbogbo èèyàn. Mẹ́sèèjì kan ṣoṣo lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Kí àwọn tó ń ṣètò irú nǹkan báwọ̀nyí jọ̀ọ́ máa fi ọ̀nà mẹ́sèèjì sílẹ̀, kí wọ́n má tì í.

Ṣùgbọ́n tá a bá dé ibi ká kọ Yorùbá, fóònù kékeré ń fìyà jẹ wá, kí n sòótọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ló sì yẹ kó dùn jù. Mẹ́sèèjì kan, lẹ́tà 160 ló ń gbà, gbogbo èèyàn mọ̀yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé 160 yẹn wà fún àwọn lẹ́tà tí àwọn tó dá GSM sílẹ̀ ní Yúróòpù kó sínú àtòjọ wọn nìkan. Lẹ́tà kékeré à wà níbẹ̀, è àti é wà níbẹ̀, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, torí àwọn èdè tiwọn ń lò wọ́n. Á ò sí níbẹ̀. Í, ó àti ú ò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ, kò sí ìkankan. Ẹyọ kan péré nínú àwọn tí kò sí yìí tẹ́ ẹ bá ti fi sínú mẹ́sèèjì yín, gbogbo mẹ́sèèjì yẹn á já sí lẹ́tà 70, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á kà á sí méjì, ẹ á sanwó méjì. Èyí tó wá burú jù ni àwọn lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bíi ọ̀ tàbí ẹ́, méjì ni wọ́n ń ka ẹyọ kan wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá ẹ̀ kú ọdún ní Yorùbá tó péye lórí mẹ́sèèjì ń san ju ẹni tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tí mẹ́sèèjì náà bá wá dé orí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré, àpótí kékeré kékeré ló máa hàn níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà, torí lẹ́tà tí wọ́n kó sínú ẹ̀ nílé iṣẹ́ ni lẹ́tà tó ní, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi kún un.

Ẹ wá wo smartphone lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kíbọọ̀dù tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ lórí Android, áápù ni òun náà, ẹ lè yọ èyí tí wọ́n fún yín kúrò kẹ́ ẹ fi òmíràn síbẹ̀, láti 2009 ni Android ti gbà bẹ́ẹ̀, ti iPhone ò gbà á àfi ìgbà tí iOS 8 dé ní 2014. Gboard ti Google ní Yorùbá nínú, ẹ á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, ẹ á mú Yorùbá, ẹ, ọ, ṣ á wà níwájú yín pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ń bá àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo bí inú àwọn tíṣà ṣe máa ń dùn tí wọ́n bá kọ orúkọ ara wọn tó pé pérépéré. Bí wọ́n bá ní kí n mú nǹkan kan ṣoṣo tó fi ìyàtọ̀ àwọn fóònù méjèèjì hàn fún ọmọ Yorùbá, kíbọọ̀dù yẹn ni màá mú.

Smartphone náà ní ibi tó kù sí, kí ẹ má rò pé mo fẹ́ tà fún yín. Ohun tó fi dáa jù náà ló ń sọ ọ́ di arúgbó. Bó ṣe jẹ́ pé áápù àwọn ẹlòmíì ló ń gbé, ọjọ́ tí àwọn yẹn bá ní àwọn ò bá operating system ẹ̀ ṣe mọ́, ó parí. WhatsApp fi BlackBerry sílẹ̀ ní ìparí 2017, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ó ti fi gbogbo Android 4.4 àti àwọn tó ti pẹ́ jù ú lọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, skírìnì ò fọ́, bátìrì dáa, wọ́n ní kí n flash ẹ̀, ìyẹn kí n gbé sọ́fítíwíà mìíì sínú ẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tí flash máa ṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò bá kọ sọ́fítíwíà tuntun fún un. Nokia onítọ́ọ̀ṣì ti ogún ọdún sẹ́yìn ṣì ń pe èèyàn títí dòní tí bátìrì ẹ̀ bá wà. Torí náà ẹni tí kì í ṣe ju kó pe ọmọ kó sì gba áláàtì báǹkì lọ, mi ò kì í tì í ra Android, ẹ̀yin ọmọ pàápàá ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kẹ́ ẹ tó ra ohun tó máa dá wàhálà sí wọn lọ́rùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra á lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó mọ bó ṣe máa dán an wò. Kó má wo bó ṣe tóbi, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó wà ní About phone nìkan torí àwọn oníjìbìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irọ́ síbẹ̀, mo ti rí èyí tí wọ́n kọ mẹ́mọ́rì rẹpẹtẹ sí tó jẹ́ pé fọ́tò díẹ̀ ló kún un, mo ti rí èyí tí wọ́n kọ iPhone sẹ́yìn ẹ̀ tó jẹ́ Android ni wọ́n tún kùn lójú. Kó tan hotspot fóònù mìíì, kó wọ Play Store níwájú ẹni tó ń tà á, kó dáńlóòdù áápù kan tí kò sí lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó ṣí i, kó lò ó. Tí kò bá ti gbà, kó gbé e padà fún un. Tó bá gbà, kó tún wọ Settings inú Play Store, kó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó certified, ìyẹn pé Google fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kó tẹ *#06#, kó fi IMEI tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí, nọ́ńbà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Òǹtajà tó bá ń bínú pé ẹ̀ ń dán an wò, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ẹ máa lọ, àwa tá à ń tà á pẹ̀lú òótọ́ la máa ń fún kọ́sítọ́mà ní hotspot fúnra wa.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olóòtú, ẹ tún ìdáhùn yẹn kọ fún òǹkàwé yín. Tí ààyè ò bá tó, ẹ kàn sọ fún un pé smartphone ni fóònù tó ní operating system tó ń gba áápù ẹlòmíì sílé, tó sì jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, bóyá ojú ẹ̀ ṣeé fọwọ́ rá o, bóyá bọ́tìnnì ló ní o. Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn tó ti ra ayédèrú pé kí wọ́n má jù ú nù, torí ó ṣì lè pe èèyàn, ó ṣì lè tẹ kóòdù *310#. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ Android ayédèrú nínú wọn, kí wọ́n má fi áápù báǹkì sórí ẹ̀ láéláé, kí wọ́n sì yọ ọ́ tó bá ti wà níbẹ̀. Ní 2025 ni ilé iṣẹ́ Kaspersky kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì Triada nínú àwọn ayédèrú Android tuntun, látinú páálí ló ti wà lára wọn kí ẹni tó rà á tó tàn án, ó ń ka mẹ́sèèjì, ó sì ń jí ohun tí wọ́n fi ń wọ àkáǹtì. Kéèyàn kàn reset ẹ̀, kó pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, kò lè lé e jáde torí inú sọ́fítíwíà fóònù yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n rì í sí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi àkáǹtì sórí irú ẹ̀, kí wọ́n tètè fi fóònù mìíì yí password àti PIN wọn padà lónìí, kí wọ́n tó ṣe ohun mìíì.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ fóònù kan ní Queen Cinema, Ìbàdàn